Ẹnu Ẹ̀rọ Tó Ń Dúró De Omi

“Àdúgbò tí omi bá wọ́n fún jù lọ ni a ó kọ́kọ́ fa páìpù dé. Ẹ ṣáà ṣe ìṣirò yín kó pé. Mo ṣèlérí.”

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ omi ló sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Oníṣirò kò pàtẹ́wọ́. Ẹnu ẹ̀rọ tí bàbá rẹ̀ kàn mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé kí ó tó lọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn ló ń rò. Kò sí páìpù lẹ́yìn rẹ̀. “Tí omi bá dé, kò ní bá wa lójijì,” ni bàbá wí. Láràárọ̀, kí ọmọ náà tó gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ ìta gbangba, a máa yí ẹnu ẹ̀rọ náà, a sì máa tẹ́tí.

Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ló gba iṣẹ́ ìṣirò náà, Oníṣirò sì wà lára wọn. Ọjọ́ tí omi yọ àti ọjọ́ tí kò yọ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà mọ àròpọ̀, ó sì mọ bí a ti í pín nǹkan dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pín in dọ́gba tán, ìyà gbogbo àdúgbò rí bákan náà.

“Irọ́ nìyẹn,” ni Oníṣirò wí. “Kí omi dá lónìí kó yọ lọ́la, a lè fara dà á. Kó gbẹ ráúráú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́?”

Olùkọ́ wọn, Bùrọ̀dá Wáyà, rẹ́rìn-ín. “Èyí tí kò mọ̀, ìwọ kọ́ ọ. Fún un ní igbá òfìfo. Sọ ohun tí yóò ṣe sí igbá náà bí ó bá ti ń ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí yóò gbé jáde.”

Oníṣirò kọ ọ́. Ọjọ́ tí omi kò bá yọ, kí kọ̀ǹpútà ju òkúta kan sínú igbá; ọjọ́ tí ó bá yọ, kí ó dà á nù; kí ó sì rántí ibi tí òkúta pọ̀ dé jù lọ. Àdúgbò tirẹ̀ ló gba ipò kìn-ín-ní. Ó sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá dìde. Ó mú àkísà, ó nu ẹnu ẹ̀rọ náà títí ó fi ń dán.

Nígbà tí Oníṣirò tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, ó rí àṣìṣe kan. Kò sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó mú igbá tuntun bí ó bá ti kúrò ní àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn. Òkúta àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ, tí kọ̀ǹpútà kà ṣáájú, ló kó mọ́ ti àdúgbò Oníṣirò.

“Ta ni yóò mọ̀?” ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. “Bùrọ̀dá Wáyà gan-an ti ní ó dáa. Àbí ìyà omi pípọn ò tíì kọ́ ẹ lọ́gbọ́n ni?”

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá rẹ̀.

“Màmá, ẹ rántí pé bàbá ń retí.”

“Mo rántí. Èmi náà ń retí.” Ìyá gbé garawa kalẹ̀. “Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ yẹn, ṣé irin ni wọ́n ń mu? Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.”

“Omi dà, Màmá, tí a ó dà síwájú?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́.

Oníṣirò fi ìlà kan ṣoṣo tún ìṣirò náà ṣe. Àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ bọ́ sí iwájú, tiwọn bọ́ sẹ́yìn. Bùrọ̀dá Wáyà gbé èsì náà lọ fún ọ̀gá àgbà. Ọ̀gá yìn ín, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹni kan sì ya fọ́tò wọn.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́. Òpópó tí ọ̀gá àgbà kọ́ ilé tuntun sí, níbi tí omi kì í ti í dá, ni wọ́n gbẹ́ ẹ dé. Àwọn alágbẹ̀dẹ mú èsì náà lọ́wọ́, wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè já wọn nírọ́. Ohun tí òtítọ́ wúlò fún nìyí: kì í fi dandan gbé omi wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi bi òpùrọ́ léèrè.

Láràárọ̀, Oníṣirò ṣì ń yí ẹnu ẹ̀rọ náà, ó ṣì ń tẹ́tí.

Àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ ni omi wọ́n fún jù lọ. Wọn kò fa páìpù dé ibẹ̀.