Aṣọ Fèrèsé Ilé Kalipa

Irun àgùntàn ni Burul ń fi igi lù nínú àgbàlá lọ́jọ́ tí Kubat kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ gbé irun náà, ó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n ọkùnrin ọ̀hún títí ó fi funfun bí ti baba arúgbó. Ẹ̀rín pa Burul kó tó rántí kí i.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń sọ gbogbo oníbàárà di arúgbó nìyí?"

"Àwọn tí kò kan ilẹ̀kùn nìkan ni."

Ìyá rẹ̀, Kalipa, ló rán an wá. Ó fẹ́ aṣọ tí wọn yóò fi bo fèrèsé kí yìnyín tó dé. Gbogbo abúlé ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ Burul: aṣọ méjì, irun àgùntàn láàárín, okùn tó gbà á kọjá ní ìlà-ìlà. Bí wọ́n bá ta á sójú fèrèsé lálẹ́, ooru ààrò kò ní yọ́ jáde mọ́. Batma, ìyá àgbà tó tọ́ ọ láti kékeré, ló kọ́ ọ.

"Báwo ni fèrèsé yín ṣe fẹ̀ tó?"

Kubat na ọwọ́, láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré. "Irú èyí méje ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn."

Nígbà tí Burul parí iṣẹ́, Kubat gbé e lọ sílé. Ọjọ́ kejì, ó ti gbé e padà.

"Ìyá mi ní kí n béèrè, ṣé fèrèsé lẹ rán an fún ni àbí ẹ̀yìn ẹṣin?"

Batma rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Burul, ọwọ́ ta lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ọwọ́ mi ni, Màmá."

"Ọmọ Kalipa, tẹ́ ọwọ́ tìrẹ náà ká wò ó."

Kubat tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Burul gbé tirẹ̀ lé e; ìka rẹ̀ kò dé ibi tí tọkùnrin náà parí sí rárá. Kò sẹ́ni tó tètè gbé ọwọ́ kúrò. Batma kọjú sí irun àgùntàn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ó di dandan kí Burul fi àjákù aṣọ kún etí aṣọ fèrèsé náà. Kubat ló ń kó àjákù náà wá, ẹyọ kan lójúmọ́.

"Mo gbàgbé pupa yìí sílé."

"O gbàgbé ti àná náà."

"Màá tún gbàgbé lọ́la, ìyàwó mi."

"Ta ló gba owó orí lọ́wọ́ ta?" Ṣùgbọ́n Burul ti ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n rán àjákù ìkẹyìn mọ́ ọn, Kubat ní, "Burul, wá máa gbé nínú ilé tí o rán aṣọ fún."

Inú Burul dùn dé ọ̀run, àfi ìgbà tó bojú wẹ̀yìn. Kubat ni àbíkẹ́yìn, nílẹ̀ wọn, àbíkẹ́yìn ọkùnrin kì í sì í fi ilé òbí sílẹ̀. Batma kò sì ní ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Burul.

"Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa dáná fún Màmá láàárọ̀?"

"Ká jọ mú wọn lọ."

"Wọn ò ní gbà. Ojú á tì wọ́n láti tẹ̀lé ọmọ lọ sílé àna."

Kubat gbé aṣọ náà lọ, kò sì padà. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Abẹ́rẹ́ ń gún Burul lọ́wọ́, kò mọ̀.

Kalipa fúnra rẹ̀ ló wá. Kò tilẹ̀ tíì jókòó tó fi ní:

"Màmá, aṣọ yín fẹ́ pa mí. Ilé móoru, oorun dùn, mi ò rẹ́ni bá tàkurọ̀sọ. Ọmọ mi ò jẹun mọ́. Ó kàn ń wo fèrèsé ṣáá, fèrèsé tí a ti fi aṣọ bò!"

Batma rẹ́rìn-ín. "Mú Burul lọ. Èmi á wà nílé mi."

"Èmi ò lọ," ni Burul wí. Kò ta ko ọ̀rọ̀ Batma báyìí rí.

"Ta ló ní ẹnì kan ṣoṣo ni mo wá tọrọ?" Kalipa ní. "Yàrá kan wà níbi tí oòrùn ń wọlé sí. Mo fẹ́ ẹni tá a ó jọ máa mu tíì, tí yóò máa bú mi pé mi ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú."

"Kí làwọn ará abúlé máa wí?" Batma béèrè.

"Wọ́n á ní ahun ni Kalipa, ààrò kan ló fi ń mú ara ìyá méjì gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí!"

Batma dìde. "Ó dáa. Àmọ́ tí yìnyín bá ti yọ́, mo padà sílé mi o."

"A ti gbọ́, Màmá."

Kalipa yọ yẹtí fàdákà jáde láti àyà aṣọ rẹ̀, bí ìyá ọkọ ti ń ṣe nílẹ̀ wọn, ó fi sí etí Burul. Kubat, tó ń díbọ́n pé ẹṣin lòun ń tọ́jú lóde, pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ajá fi gbó.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Yìnyín yọ́, koríko hù, kò sì sẹ́ni tó rán Batma létí ohun tó sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Kubat, ó ní kó wá bá òun kọ ebè sábẹ́ fèrèsé yàrá òun nílé Kalipa: òun fẹ́ gbin àlùbọ́sà.