Ẹ̀yìn Ni Aránkùn Fi Ń Rìn

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Ambrose ti ti òkè òkun dé, ẹ̀yìn ló máa ń fi í rìn ní ọ̀sán.

Inú àgọ́ gígùn tí bàbá wa ti ń ran okùn ló ti ń ṣe é, nílé wa ní Dorset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aránkùn ló bí wa. Aránkùn a di ọ̀gbọ̀ mọ́ ìbàdí, a so etí ọ̀gbọ̀ náà mọ́ kẹ̀kẹ́ ìránkùn, ẹnì kan a máa yí kẹ̀kẹ́ náà, òun a sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kan ògiri. Okùn parí nìyẹn. Ambrose ò kọ́ iṣẹ́ yìí rí. Okùn ni bàbá fi rán an níwèé tó fi di adájọ́ ọba lọ́hùn-ún, tó ń gbé aṣọ dúdú lé orí dájọ́ ikú. Okùn ilé wa náà ni wọ́n sì fi ń so àwọn tó bá dá lẹ́bi kọ́. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé, a kàn kì í sọ ọ́ ni.

"Adájọ́ yín mà ti di edé tó ń fi ẹ̀yìn rìn," Ìyá Tuck, aládùúgbò wa, ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan kan ní ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi, síbẹ̀ ìka rẹ̀ ń ran okùn tí kò sí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Ojoojúmọ́ ló ń sún mọ́ ògiri sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, torí òun nìkan ló kù mí kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó. Tíì yín ti ń tutù."

"Ó ti rẹ̀ mí, Dinah. Wọn ò tíì ní kí n dúró ni."

"Àwọn wo? Ta ló ń yí kẹ̀kẹ́ fún yín?" Kẹ̀kẹ́ bàbá, a ti fi dáná tipẹ́.

Ó rọra dáhùn. "Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni. Wọ́n pọ̀."

Mo gbé àga gígùn dí iwájú ògiri kó má baà kàn án. Lọ́jọ́ kejì, ìta ni mo ti bá àga náà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ti kú. Kò sí àpá kankan lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, mo sì rò pé ó ti tán síbẹ̀. A sin ín, mo ti àgọ́ pa. Lánàá, mo ń ká ápù nínú ọgbà nígbà tí mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń ké nínú àgọ́. Okùn yẹn ni èmi náà jẹ dàgbà. Mo ní kí n sáré wọlé. Ẹsẹ̀ mi gbéra lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ni mo fi ń rìn.