Ẹsẹ̀ Inú Ìwé Oníná

Ẹni tó bá fẹ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó ní oorun ló ń kùn mí. Ojú mi ló ṣe, nílé àwọn òbí mi ní àdúgbò Ladi-Lak, ojú tèmi sì ríran dáadáa.

Ti ìyá mi ló ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí Awwal, àbúrò mi tó wà lókè òkun, fi fi ẹ̀rọ ìkàwé kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tí èèyàn lè mú kí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi tó bó bá ṣe fẹ́. Ìwé oníná ni ìyá mi ń pè é. Awwal kọ ìtàn ilé wa sínú rẹ̀: bí bàbá mi ṣe kúrò ní Ìjẹ̀bú wá kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, bó ṣe rí ìyá mi, bí ìyá mi ṣe lé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá mi a máa kà á, a máa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi a ní irọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó dà bíi pé àwòrán kan yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ àpótí òfìfo la rí. Wọ́n fóònù sí mi ní Pedro, àdúgbò tí mò ń gbé, pé kí n máa bọ̀. Èmi ni wọ́n máa ń pè bí ẹ̀rọ bá ya olórí kunkun, torí wọ́n mọ̀ pé èmi náà lágídí.

Mo pa á, mo tún un tàn. Àpótí òfìfo. Mo yọ ìwé náà kúrò, mo fi dátà fóònù mi gbé e wọlé lákọ̀tun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá, ó ń lọ. Mo gbé e dé ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, bí omi tó ń kún.

Ẹní ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀ àga méjì. Ó dúró síbẹ̀.

"Kí lo rí?" ìyá mi bi mí.

Mo wo ilẹ̀. Ẹní tó wà nínú ẹ̀rọ náà ni mo dúró lé. Oṣù tó kọjá ni mo rà á fún wọn, Awwal ò sì rí i rí. Mo pè é lórí fóònù.

"Píṣọ̀ wo lo fi sẹ́yìn ìwé yìí?"

"Àǹtí mi, mi ò fi píṣọ̀ kankan síbẹ̀ o."

"Òun ni mò ń wò yìí."

"Ẹ sínáàpù ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́."

Mo yà á. Àpótí òfìfo ló wọ inú fóònù mi. Mo sún kúrò lórí ẹní.

Bàbá mi ò bẹ̀rù. Ó mú awò kékeré tó fi máa ń yẹ iṣẹ́ wò nígbà ayé ìtẹ̀wé rẹ̀, ó gbé e lé ojú ẹ̀rọ. Níwájú àga kan, sílípáàsì wà, ẹsẹ̀ bàìbàì sì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan jókòó síbẹ̀. Àga kejì ṣófo.

Ó rọra gbé awò náà sílẹ̀. Ohun tó ń rò ni èmi náà ń rò: bó bá jẹ́ ọjọ́ tó ń bọ̀ nìyí, ta ló ṣẹ́ kù láyé, ta ló ti lọ?

"Ìyá Dọlápọ̀, ìwọ lo jókòó síbẹ̀," ó fi orúkọ mi pe ìyá mi. "Sílípáàsì ẹ ni."

"Tèmi báwo? Ṣé a ò jọ ń wọ̀ ọ́ ni? Ẹ̀yin ni."

Òótọ́ ni. Sílípáàsì kan náà ni wọ́n ń pín wọ̀ nílé yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ló ni ín. Ìró ìyá mi náà ni bàbá mi máa ń ró sídìí. Nígbà tí àwòrán wá gòkè dé orúnkún lọ́jọ́ kejì, tí etí ìró yọ, kò yanjú nǹkan kan. Ìjà ló dá sílẹ̀. Bàbá mi búra pé ìyá mi ni. Ìyá mi, tí kò rí àwòrán náà rárá, búra pé bàbá mi ni. Mi ò rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí, tí kálukú ń bẹ̀bẹ̀ kí àga tó ṣófo jẹ́ tòun. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá ṣájà.

"Pa dátà yẹn," bàbá mi ní.

Mo pa á. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, bátìrì kú, a ò sì fi sí iná mọ́. Àwòrán ò kúrò. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí irú ojú ẹ̀rọ yẹn ṣe rí nìyẹn, ohun tó bá gbẹ̀yìn síbẹ̀ kì í lọ, bí iná tiẹ̀ tán. Àmọ́ kì í yí padà.

Ìyá mi ló parí ìjà. "Bàbá Dọlápọ̀, ẹ fún mi ní ẹsẹ̀ òsì sílípáàsì yẹn. Kẹ́ ẹ mú ọ̀tún."

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ sílípáàsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀. Bàbá mi gbé àga kan fún Ọláwuyì, aládùúgbò wọn, kó má bàa sí àga tó máa ṣófo. Wọ́n wá fún ara wọn mọ́ èyí tó kù, ìdajì ìdí bàbá mi ń bẹ níta.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí wọn. Wọ́n ti mú iná, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ariwo. Gbogbo ilé dákẹ́. Mo gbé ìwé oníná wò lójú fèrèsé.

Àga kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì náà ò ṣe bàìbàì mọ́. Àtàǹpàkò tọ̀tún ò ní èékánná; irin ìtẹ̀wé ló já lu bàbá mi níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Tòsì kéré, làálì ìyá mi sì yí etí rẹ̀ po.

"Ẹni mélòó lo rí?" ìyá mi bèèrè.

Ẹsẹ̀ méjì ni mo rí.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni, Màámi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo da ẹ̀rọ náà dé sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń gbá jàǹkárìwọ̀ níbẹ̀, mo ṣí i wò. Bátìrì ṣì kú. Àwòrán ti gòkè dé ìbàdí. Mo yára dà á dé kí n tó wò ó tán.

Sílípáàsì ń dún bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, pá, pá, pá. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni méjì ló ń rìn. Mo dúró lójú kan. Bàbá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣì dúró, mò ń retí ohùn kejì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìyá mi tó dáhùn.