Tọ́bò Kan Ṣoṣo fún Ọkọ̀ Alàgbà

Ẹsẹ̀ Títíladé ni Oyèkúnlé kọ́kọ́ rí. Ó yọ lábẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan l'Ólódò, wọ́n kun èékánná rẹ̀ ní pupa.

"Ẹ jọ̀ọ́, mẹkáníìkì dà?"

Ọmọbìnrin náà yọ orí síta, ọ́ìlì dúdú wà nímú rẹ̀. "Òun lẹ rí yìí."

Kí n má tàn yín, èékánná pupa yẹn ni ọmọkùnrin tún ń wò.

Píkọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ̀ fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti Akanran ló gbé wá. Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ti kú, ọkọ̀ ò sì lè gun òkè mọ́. Títíladé ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ kejì ló dé. Ó ní òun kàn ń kọjá ni. Láti Akanran!

"Ṣé ọkọ̀ lẹ wá wò ni, àbí èmi?"

"Méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò rẹwà."

Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó rí tọ́bò tó yẹ. Nígbà náà, wọ́n ti rí ara wọn.

Alàgbà Ọláníran, bàbá Oyèkúnlé, kò fẹ́ mẹkáníìkì níyàwó ọmọ. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé ọkọ̀ míì ń lo tọ́bò méjì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Fi méjì sí tèmi, màá ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ. Tó ò bá lè gbọ́ tèmi, ilé mi kọ́ lo máa fẹ́ sí."

Títíladé kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ́ńjìnnì yín kéré fún méjì. Páìpù á pọ̀, ooru á pọ̀, ibi tó máa bàjẹ́ náà á pọ̀. Ọ̀kan tó kéré ló máa tètè jí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù gun òkè."

Alàgbà kọ ẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì, ó lọ.

"Títí mi, gbà fún wọn," Oyèkúnlé bẹ̀ ẹ́. "Tá a bá ti ṣègbéyàwó, kó o yọ ọ̀kan."

Omijé bọ́ lójú Títíladé. "Ìfẹ́ rẹ wọ̀ mí lákínyẹmí ara, Oyè. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi irọ́ wọlé bàbá rẹ."

Ojú ti Oyèkúnlé. Ó mú sípánà, àwọn méjèèjì sì jọ de tọ́bò kékeré kan mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ọ̀kan la fi sí i, Bàbá. Tí kò bá gun òkè, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí. Ṣùgbọ́n Títíladé ni màá fẹ́."

Wọ́n di ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Títíladé jókòó sáàárín baba àtọmọ, Alàgbà ló ń wakọ̀. Nídìí òkè, ọkọ̀ mí kanlẹ̀, tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, wọ́n sì gùn ún dókè láìdúró.

Alàgbà pa ẹ́ńjìnnì. Ó kọjú sí Títíladé.

"Bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n á wà nílé lọ́jọ́ Sátidé?"

Oyèkúnlé ló yára dáhùn.

"Wọ́n á wà nílé, sà!" Bẹ́ẹ̀, kò tíì fojú kan bàbá Títíladé rí.