Má Fà Á

Eruku pákó ló bo ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ rí i. Tíṣà ni obìnrin náà. Ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó fi orúnkún tẹ pákó mọ́ àpótí lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀, ó ń fi ayùn rẹ́ ẹ. Bàbá yìí ni onígbàjámọ̀ wá gẹ irun fún o, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí abẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o ò rí obìnrin rí ni?" Tíṣà bi í.

"Mo ti rí. Èyí tó ń bá pákó jìjàkadì ni mi ò tíì rí."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ra lọ́fínńdà fún obìnrin, irinṣẹ́ lòun ń rà: òòlù, tépù, irin tí wọ́n fi ń di pákó mú. Tíṣà kan tábìlì iṣẹ́, ó to gbogbo rẹ̀ sára ògiri. Nígbà tó yá, onígbàjámọ̀ ra ayùn oníná, torí yàrá táwọn méjèèjì máa gbé ni wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́yìnkùlé náà. Bàbá ti ní ọjọ́ tí yàrá náà bá lórùlé ni kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ìyá Tíṣà ni kò gbà kí wọ́n lo ayùn náà. Káfíńtà ni bàbá tẹ́lẹ̀, ayùn oníná ló gé e níka, ìyá ló sì wà ní òdìkejì pákó lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì í fà á, kó kàn gbé e dúró ni. Ìyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ pákó há, àánú ọkọ ṣe é, ó fà á, ọwọ́ ọkọ sì bá pákó lọ sẹ́nu ayùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

"Ẹ̀rù rẹ ń bà mí, ọmọ mi," ìyá sọ fún onígbàjámọ̀. "Bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó yìí, wàá fà á."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkùnrin náà lákínyẹmí ara. Kò yọjú mọ́. Tíṣà bá a dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní ó ku àwọn pákó gígùn ti òrùlé, bí kò bá sì wá, òun á dá wọn rẹ́. Ẹ̀rù ìyẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wá.

Wọ́n tan ayùn. Onígbàjámọ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ pákó, kò jẹ́ kí ìka rẹ̀ dì í mú rárá. Nígbà tó dé àárín, pákó há. Ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, ìka Tíṣà ò sì jìnnà séyín ayùn. Ìyá tó ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà fọwọ́ bojú. Gbogbo ara ọkùnrin náà ló ń ní kó fà á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò fà á.

Tíṣà fi orúnkún tẹ bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ tábìlì, ó pa iná. Ayùn dákẹ́. Ó yí tábìlì po, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú.

"O ń gbọ̀n."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

"Èmi náà. Ṣé wàá lè máa bá mi bẹ̀rù báyìí títí ayé?"

"Títí ayé, ẹ̀yinjú mi."

Ìyá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tó yá, ó nu ojú.

"Ẹ tan iná yẹn padà," ó ní. "Òrùlé ò tíì parí."