Ẹlẹ́dẹ̀ Garae àti Ìjì Tó Dákẹ́

Àmì ti hàn lọ́dún náà. Igi gbẹ̀rẹ́fútù so títí ẹ̀ka rẹ̀ fi ń tẹ̀, àwọn àgbà erékùṣù Ambae sì ń wí pé ìjì ńlá ń bọ̀. Rédíò náà wí bẹ́ẹ̀. Nẹrolin àti Garae ọkọ rẹ̀ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn sílẹ̀ kí atẹ́gùn má baà rí nǹkan fà tu, wọ́n fi okùn de òrùlé, wọ́n sì kó ẹrù lọ sí ilé ìwé oníbúlọ́ọ̀kù tí gbogbo abúlé ń sá sí.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, ìyẹn akọ ẹlẹ́dẹ̀ Garae. Eyín rẹ̀ ti ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òrùka. Irú ẹlẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ níyì púpọ̀ ní Ambae, kì í sì í jẹ̀ kiri kí eyín má baà kán. Orí ìso ló ń gbé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ìgbéyàwó Tari, ọmọ wọn, ni Garae ń tọ́jú rẹ̀ dè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká tú u sílẹ̀ kó lọ wá ibi sá sí," ni Odẹti wí. Àbúrò Garae ni, òun náà sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjì lábúlé.

"Kó wá lọ kán eyín sínú igbó? Odẹti, ìwọ tí o ò tọ́ adìyẹ dàgbà rí, o fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sin ẹlẹ́dẹ̀!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Nẹrolin náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ni ìjì dé. Ó ń ti ìlà oòrùn fẹ́, ó ń wó igi, ó ń ká páànù kúrò lórí ilé. Àwọn ọmọdé ń sunkún, àwọn ìyá ń kọrin ìsìn. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ ṣàdédé dákẹ́. Ojú ọ̀run là, oòrùn yọ.

"Ó ti lọ o!" ni àwọn èèyàn ń wí. Ni ẹlẹ́dẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ìsàlẹ̀ oko.

Odẹti sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbá rédíò mọ́ àyà. "Ẹ má jáde! Kò tíì lọ. Ìjì yìí ń yí bí òkòtó ni, àárín rẹ̀ ló wà lórí wa yìí. Apá kejì rẹ̀ ń bọ̀, òdìkejì ló sì máa gbà fẹ́. Ó dìgbà tí rédíò bá ní ó ti parí."

"Ṣé rédíò ló máa sọ fún mi pé oòrùn ń ràn?" ni Garae dá a lóhùn. "Ẹlẹ́dẹ̀ mi ń pè mí. Ó dà bíi pé igi ti wó há a mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi orí bàbá wa bẹ̀ yín."

Garae wo ojú ìyàwó rẹ̀. Bí Nẹrolin bá sọ pé rárá, kò ní lọ. Nẹrolin mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń fọ́ àgbọn fún ẹlẹ́dẹ̀ yẹn láràárọ̀. Ó gbé kókò tó ń bó sílẹ̀, ó mú àdá, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Tari, ẹ sáré lọ, kí ẹ sáré bọ̀. Kò kúkú jìnnà."

"Kí o tó bó kókò yẹn tán, mo ti dé," ni Garae wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń jáde lọ.

Kókò ṣì wà lọ́wọ́ Nẹrolin nígbà tí atẹ́gùn padà dé láti ìwọ̀ oòrùn, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó fò dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà. Odẹti àti àwọn obìnrin dì í mú. Ó ń ké pe ọkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tí rédíò ní ó ti parí, wọ́n bá Garae lábẹ́ igi máńgòrò kan, kò jìnnà sí ilé ìwé. Ó ti ń bọ̀ wálé. Ìjì àkọ́kọ́ ló mi gbòǹgbò igi náà, èkejì ló wó o.

Ẹlẹ́dẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, okùn tí àdá gé ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Eyín rẹ̀ kò kán.

Ní Ambae, a kì í sin òkú ọkùnrin tó níyì bíi Garae láìpa ẹlẹ́dẹ̀, ìjì sì ti kó gbogbo nǹkan yòókù lọ. "Ìyá mi, èyí nìkan ló kù," ni Tari wí. Nẹrolin fúnra rẹ̀ ló fa okùn náà wá. Ẹlẹ́dẹ̀ ìgbéyàwó di ẹlẹ́dẹ̀ ìsìnkú.

Odẹti jókòó ti Nẹrolin.

"Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ," ni Nẹrolin ń wí. "Àdá ni mo nà sí i."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ará wa, kí ìjì tó dé ni kí ẹ tú ẹran yín sílẹ̀. Eyín tó kán sàn ju ẹ̀mí tó bọ́ lọ. Bí ìjì bá dákẹ́ lójijì tí oòrùn sì yọ, ẹ má gbà á gbọ́, ó lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹ dúró sínú ilé títí wọn yóò fi kéde pé ó ti parí. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ojú yín, ẹ sọ fún un pé rárá.