Ìyípo Mẹ́rìnlá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sá

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú sáà kan, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tò sórí pápá ìṣeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà láàárín wọn, Gègé ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é, nítorí pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùkọ́ pàápàá fi máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn kọ ìwé ìkìlọ̀ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri.

Olùkọ́ eré ìdárayá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sá ìyípo kan yí pápá ká, kí òun lè mọ ibi tí agbára oníkálukú dé. Fèrè ni àwọn ọmọ ń pe olùkọ́ yìí lẹ́yìn, nítorí fèrè kan tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Gègé sá ìyípo náà parí, ṣùgbọ́n bí ó ti dé òpin rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, okùn bàtà rẹ̀ sì ti tú.

"Ẹ bá mi wo ẹ̀rọ ọlọ yìí," ni ọmọkùnrin kan wí. "Epo ló tán nínú ẹ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Gègé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí ahọ́n ni ẹ̀rín tirẹ̀ mọ, kò dé ikùn.

"Ẹni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ojú kì í tì í," ni Fèrè wí. Ó wá kọ́ wọn ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà: kí ènìyàn na iṣan rẹ̀ kí ó tó sáré, kí ó bẹ̀rẹ̀ níwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì fún ara ní ìsinmi, nítorí pé inú ìsinmi ni iṣan ti ń le sí i. Ó fi hàn wọ́n bí a ti ń fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ láti ka bí ọkàn ti ń lù. Lẹ́yìn náà ni ó pín ìwé pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan fún wọn.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀," ni ó wí. "Iye ìyípo tí o bá sá ni kí o kọ. Iye ìgbà tí ọkàn rẹ lù ní ìṣẹ́jú kan kí o tó sáré, kọ ìyẹn náà. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá fi hàn pé ó tẹ̀síwájú jù ni yóò sáré fún kíláàsì yìí lọ́jọ́ ìdíje. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parọ́ sínú ìwé, èmi fúnra mi ni n óò dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Fèrè fi yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì sán. "Kò na iṣan rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ ni," ni àwọn ọmọ ń bá ara wọn sọ. Wọ́n fi ohun funfun líle di ẹsẹ̀ náà, ó sì di ẹni tí ń jókòó síwájú ọ́fíìsì láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Láti ibẹ̀, kò lè rí pápá.

Gègé ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ tín-ín-rín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ilẹ̀, Ìrẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń dé pápá láàárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Gègé gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí èémí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, yóò máa gbọ́ ẹ̀rín kíláàsì létí, bí kò tilẹ̀ sí ẹnì kan nítòsí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé ìwé ìtàn kan, ó jókòó sórí pákó kan lẹ́yìn ilé ìkàwé.

"Máa sá tìrẹ," ni ó wí fún Ìrẹ̀. "Ìrọ̀lẹ́ ni n óò máa sá tèmi."

Bí Ìrẹ̀ bá ti sáré tán tí ó kọ ìyípo mẹ́rin, Gègé yóò yọjú wo ìwé rẹ̀, yóò sì kọ márùn-ún sínú tirẹ̀. Bí Ìrẹ̀ bá kọ mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni tirẹ̀. Ó ń pààrọ̀ yíǹkì kí ó má baà dà bí ohun tí a kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tilẹ̀ ta omi díẹ̀ sórí ewé ìwé kí ó lè jọ òógùn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pé, ìyípo mẹ́tàlá ni Ìrẹ̀ ń sá, ọkàn rẹ̀ tí ń lù ní ìgbà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ní ìṣẹ́jú kan sì ti rọ̀ sí méjìléláàádọ́rin. Ìwé Gègé sọ pé mẹ́rìnlá.

Fèrè ka ìwé wọn, ó sì yan Gègé.

Ìrẹ̀, tí kò ní àdúrà méjì ní gbogbo sáà náà ju pé kí wọ́n yan òun, pa ìwé tirẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ́rìn-ín. "Ìyípo kan péré lo fi jù mí lọ, ẹ̀rọ ọlọ. N óò gbé omi dúró dè ọ́."

Ìyá Gègé ni wọ́n gbé aṣọ ìdíje náà fún rán. Aránṣọ ni, téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí fèrè kò ti í kúrò lọ́rùn olùkọ́. Gbogbo oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ròyìn ọmọ rẹ̀ fún. Ó pe Gègé kí ó wá gba ìwọ̀n.

"Dúró dáadáa. Má fa ikùn mọ́ra."

"Mi ò fà á mọ́ra, Màmá."

Ìyá rẹ̀ wo téèpù, ó wo ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ó tún wo téèpù. "Ó fi ínǹṣì kan lé sí ti ìbẹ̀rẹ̀ sáà."

"Bóyá téèpù yẹn ti gbó."

"Téèpù yìí ti wọn ìyàwó, ó ti wọn àlùfáà, ó ti wọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Kò bá ìkankan nínú wọn parọ́ rí." Ó ká téèpù náà padà sọ́rùn. "Ínǹṣì kan kò burú, ọmọ tó ń jẹun ló ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ wá bá mi lánàá pé kí n tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò òun, pé itan òun ti le, ó ti fún òun. Ìwọ tó sá ju tirẹ̀ lọ, o gun àtẹ̀gùn ilé wa láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lo dúró mí."

Gègé la ẹnu láti ṣàlàyé.

"Mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Okùn ni n óò fi sí ṣòkòtò ìdíje yìí dípò bọ́tìnnì. Ẹni tó bá tọ́ sí yóò fà á bá ara rẹ̀ mu."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Gègé kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Orí àtẹ̀gùn ilé ni òtítọ́ ti bá a.

Ní ọjọ́ ìdíje, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tò yí pápá ká, àwọn òbí sì wà lẹ́yìn wọn. Fèrè fi ọ̀pá méjì ti ara rẹ̀ dé iwájú, ó gbé ìwé kan sókè.

"Ìyípo kan ni ọmọ yìí fi bẹ̀rẹ̀," ni ó wí, "mẹ́rìnlá ni ó fi parí. Òógùn rẹ̀ ṣì wà lórí ewé ìwé."

Àtẹ́wọ́ ta. "Ẹ̀rọ ọlọ ti di ọkọ̀ òfurufú," ni ọmọkùnrin ọjọ́sí wí.

Gègé gba aṣọ náà. Ó rò ó pé bí òun bá sáré díẹ̀, tí òun díbọ́n ṣubú, ta ni yóò mọ̀? Ó gbójú sókè, ó rí Ìrẹ̀ ní òpin ìlà pẹ̀lú ike omi àti aṣọ ìnujú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣèlérí. Fèrè ti ki fèrè bọ ẹnu láti pe àwọn tí yóò sáré.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọn ọ́n," ni Gègé wí. "Omi ni mo ta sórí ìwé yẹn, kì í ṣe òógùn."

Ó rìn lọ bá Ìrẹ̀, ó gba ike omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé aṣọ ìdíje náà lé e lọ́wọ́. "Ìwé rẹ ni mo ń wò kọ. Okùn wà níbẹ̀, fà á bá ara rẹ mu."

Ìrẹ̀ gbé aṣọ náà sókè síwájú gbogbo ènìyàn. "Àbí ẹ ò rí nǹkan," ni ó wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń lé ẹni tó jókòó."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ láti ìlà kan dé òmíràn. Fèrè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti sọ ọ́," ni ó wí, "pé n óò dárúkọ òpùrọ́ níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́."

"Mo rántí, sà. Ẹsẹ̀ ń dùn yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é."

Gègé kọjú sí gbogbo wọn, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tí téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. "Ìwé gba irọ́," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ara kò gbà á. Ìyípo kan ni agbára mi mọ. Láti ọjọ́ Ajé, orí ìyípo kan náà ni n óò ti tún bẹ̀rẹ̀. Òpùrọ́ tí ó kọ ìwé yìí, èmi Gègé ni."